Ta Ló Ṣe Ìkọ́ Tó Gbé Fáànù Yín Dúró?

Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ gbójú sókè díẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ní fáànù àjà, ẹ wo ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti wọnú àjà. Ẹ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju fìlà ike kékeré kan lọ. Ohun tó wà nínú fìlà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, fáànù já lu ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Kétu. Ọ̀sán gangan ni. Ọmọ náà ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ó tẹrí ba, ni fáànù bá bọ́ láti òkè, apá rẹ̀ kan sì gbá a ní èjìká. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí ló bà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí. Egungun èjìká rẹ̀ sán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi lè gbé irin ìlọṣọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ oníròyìn pé kí a máa kọ́kọ́ béèrè: ta ló ṣe é? Ẹnì kan ní fáànù ayédèrú ni. Ẹlòmíràn ní oníná ni kò mọṣẹ́. Aládùúgbò kan tilẹ̀ sọ pé ọ̀tá ló ń bá àǹtí mi jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé fáànù náà wò, kò ní àbùkù kankan, ó ṣì ń yí títí dòní. Ìkọ́ rẹ̀ ló já. Irin tí wọ́n fi ń da kọnkéré ni, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wọn, ni wọ́n tẹ̀ bí ìka tó ń pe ènìyàn, tí wọ́n wá fi ìṣó méjì kàn mọ́ igi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo ló ń já fáànù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fáànù àjà tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa kì í sábà ju kílò márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ìgbọ̀nrìrì ló ń já a. Bí apá kan bá tẹ̀ díẹ̀, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀ lórí ọ̀kan ju èkejì lọ, fáànù náà á máa fa ìkọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ti ń yí. Èyí tó bá ń sáré dáadáa lè yí tó ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí aránṣọ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí mẹ́wàá, a ti fa ìkọ́ yẹn ní ìgbà 180,000 lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀. Irin á máa jẹ irin. Ìṣó á máa sún jáde nínú igi. Kò sí ẹni tó máa rí i, nítorí fìlà ike ti bò ó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an ni fáànù àjà oníná ti wá sílé ayé. Philip Diehl ni orúkọ ọkùnrin tó ṣe é. Ọmọ Jámánì ni, ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1868, ó sì ń bá ilé iṣẹ́ Singer ṣiṣẹ́, Singer kan náà tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú tí àwọn ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Diehl ló ṣe ẹ́ńjìnì iná kékeré tó lè yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó yá, ó gbé irú ẹ́ńjìnì yẹn kọ́ sí àjà, ó fi apá sí i, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí kí àwọn ọdún 1880 tó parí. Nígbà tí mo sọ èyí fún àǹtí mi, wọ́n wo ẹ̀rọ wọn, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, "Àbúrò ni wọ́n, kí ló wá dé tí ó fi fẹ́ pa wá?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn méjì mìíràn, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ló sún mọ́ ìkọ́ jù. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀n, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, British Museum ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fẹ́ fa iná síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí wọ́n dá ihò ńláńlá sára ògiri. Ọ̀gá iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ John Joseph Rawlings ló gba iṣẹ́ náà. Ó mú irú okùn tí wọ́n fi ń hun àpò kòkó, ó fi ẹ̀jẹ̀ ẹran mú un le, ó ṣe é bí ọ̀pá kékeré oníhò. Ihò kékeré ló dá sí ògiri, ó ti okùn yẹn bọ̀ ọ́, nígbà tí ó sì yí ìṣó wọ inú rẹ̀, okùn náà wú, ó di ògiri mú gírígírí. Ó gba ìwé lé e ní 1911. Ní 1958, Artur Fischer, ọmọ Jámánì tó kọ́ iṣẹ́ àgádágodo, wá fi ọ̀rá líle ṣe tirẹ̀. Òun ni ike kékeré tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní ṣẹ́fíì, tó kún inú àpò gbogbo oníná láti Sábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́. Nígbà tí Fischer máa fi kú ní 2016, ìwé ẹ̀tọ́ tó ti gbà lé oríṣiríṣi nǹkan ju 1,000 lọ.

Wọn kò ṣe ọkọ̀ òfúrufú. Ohun tí à ń tì bọ ihò ògiri ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n yà á, wọ́n fi orúkọ sí i.

Lẹ́yìn tí fáànù já ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi, wọn kò pe oníná yẹn mọ́. Wọ́n lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àkàbà wá, wọ́n gùn ún, wọ́n fi ọwọ́ pa igi àjà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé nǹkan kan wá tí n kò rí irú rẹ̀ rí.

Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí gàárì ẹṣin (kì í ṣe gaàrí tí à ń mu o), tó fi jẹ́ pé orí igi ló jókòó lé, tí apá rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igi. Wọn kò kan ìṣó kankan. Nísàlẹ̀ igi, bọ́ọ̀tì nípọn kan gba inú apá kìíní kọjá sí èkejì, nọ́ọ̀tì méjì ló sì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ọ̀kan má bàa tú tí èkejì bá tú. Dípò ìkọ́ ẹlẹ́nu, òrùka tí kò ní ẹnu ló wà lára bọ́ọ̀tì yẹn. Láàárín òrùka àti ọ̀pá fáànù, wọ́n gé táyà ògbólógbòó zẹ̀mí kan sí i, kí ó máa gbé ìgbọ̀nrìrì mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá so ẹ̀wọ̀n kúkúrú kan láti ara gàárì fúnra rẹ̀ mọ́ ọ̀pá fáànù. Mo bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe. Wọ́n ní, "Kò níṣẹ́. Ọjọ́ tí òrùka bá já ló máa ríṣẹ́."

Èmi kò sọ pé Bàbá ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó máa ronú ohun kejì tí yóò mú fáànù. Àwọn fáànù kan ń bẹ tó ń bá wáyà irin tirẹ̀ wá nínú páálí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníná wa máa ń jù ú sí kọ̀rọ̀ nítorí kò fẹ́ gun àkàbà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n gàárì tó ń jókòó lórí igi, táyà zẹ̀mí, nọ́ọ̀tì méjì, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, láti orí Bàbá ló ti wá. Ilé tiwa ni wọ́n ṣe é fún: ilé onígi àti páànù, tí igi rẹ̀ kò tọ́, tí ikán sì ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fáànù lókè òkun, kì í ṣe irú ilé yìí ni wọ́n ń rò.

Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá láti Ìlárá, wọ́n ń wá láti Pobè, wọ́n ń béèrè gàárì fáànù. Inú mi dùn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Oníṣòwò kan ra ẹyọ kan, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń jó irin lẹ́bàá títì ní ìlú mìíràn, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní ìgbà òjò, ó ti gba ọjà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti Bàbá. Mo ra ọ̀kan, mo gbé e lé orí tábìlì mi, mo wò ó dáadáa. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló ní. Kò sí táyà. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tilẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ara òrùka ni wọ́n so ó mọ́, wọn kò so ó mọ́ gàárì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Bí òrùka bá já, òun àti ẹ̀wọ̀n ló máa jọ bọ́. Ẹni tó ṣe é rí ẹ̀wọ̀n lára ti Bàbá, kò mọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀. Gàárì Kétu kan náà ni wọ́n sì ń pe méjèèjì lọ́jà.

Mo gbé e tọ Bàbá lọ. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n yí i wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e lé ilẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o rò pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irin? Ògún ló ni í. Ohun tí wọ́n bá fi hàn mí, ta ni màá fi du?"

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé kí ẹ fi du ẹnikẹ́ni. Bí fáànù bá já lára èyí, gàárì Kétu ni wọ́n máa ní ó já. Orúkọ yín ni wọ́n máa pè."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún gbé e, wọ́n fi èékánná fa ẹ̀wọ̀n yẹn. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń wádìí nípa OAPI. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àjọ kan ni tí orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà jọ dá sílẹ̀ láti máa dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ènìyàn. Ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Benin wà nínú rẹ̀, Togo wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá forúkọ nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ti múlẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè 17 yẹn. Ìwé ńlá wà tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní brevet, ogún ọdún ni agbára rẹ̀. Ìwé kékeré wà fún irinṣẹ́ àti ohun èlò ilé tí ẹnì kan bá tún ṣe lọ́nà tuntun, ọdún mẹ́wàá ni tirẹ̀, modèle d'utilité ni wọ́n ń pè é. Bí ó ṣe rí lójú mi, èyí ni ó bá gàárì Bàbá mu.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kí n yára kọ àròkọ pé kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ wa lọ gba ìwé. N kò ní kọ ọ́, nítorí n kò gbà á gbọ́. Ọdọọdún ni a ń san owó kí ìwé yẹn má bàa kú. Ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ní èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwòrán. Bí ẹnì kan bá jí i, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pè é lẹ́jọ́. Alágbẹ̀dẹ tí iná ẹwìrì rẹ̀ ń kú bí kò bá sí níbẹ̀ fún ọjọ́ kan, níbo ló ti máa rí àyè lọ sí kóòtù? Ẹ má sì gbàgbé pé Nàìjíríà kò sí nínú OAPI. Ìwé Yaoundé kò ní agbára ní Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó bá ń jí iṣẹ́ yín lè sọdá bodè, kí ó máa ṣe é níbẹ̀, òun yín á sì kàn máa rí ọjà tó ń padà wọlé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni àmì ọjà. Òun náà wà lọ́dọ̀ OAPI. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni a ń sọ ọ́ di ọ̀tun, kò sì ní òpin bí a bá ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Kò ní kí ẹ ṣàlàyé bọ́ọ̀tì àti òrùka fún ẹnikẹ́ni. Àmì kan ṣoṣo, tí a lù sára irin, tó ń sọ pé ọwọ́ báyìí ló ṣe èyí. Ẹlòmíràn lè ṣe gàárì tirẹ̀ bó bá wù ú, bí Bàbá ṣe sọ pé Ògún ló ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lu àmì Bàbá sí i. Àti ẹni tó ṣe é dáadáa, àti ẹni tó ṣe é bàjẹ́, olúkúlùkù á wá gbé ẹrù tirẹ̀.

Kò yẹ kí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa san owó rẹ̀. A ní ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ, a ní ẹgbẹ́ oníná, a ní ti àwọn tó ń jó irin. Owó tí wọ́n ń dá fún aṣọ ẹgbẹ́ ní ọdún kan, bí wọ́n bá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n lè fi gba àmì kan fún gbogbo ẹgbẹ́, kí wọ́n sì ní àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó lu àmì náà sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ náà dára.

Àwọn mẹ́ríì wa náà níṣẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣojú OAPI wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni wọ́n wà, Faransé ni wọ́n fi ń kọ fọ́ọ̀mù. Ṣé ó ṣòro láti pe wọ́n wá sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n bá àwọn oníṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá? A ń pe àwọn olóṣèlú wá nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní Àjàṣẹ́ tó ń ta ohun èlò iná, nítorí n kò fẹ́ dá oníṣòwò lẹ́bi láì gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, oníbàárà tó bá dé iwájú mi, èló ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé ta ló ṣe é. Báwo ni èmi náà ṣe fẹ́ mọ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà, kí fáànù yẹn tó já, n kò bi ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n mo bẹ ìyá yẹn kí wọ́n gbé méjèèjì sọ́wọ́, ti Bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ti títì lọ́wọ́ òsì. Wọ́n gbé e. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé ti òsì sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí fáànù wà lórí ibùsùn yín, ẹ má dúró de àmì o. Ẹ pa iná láti ìdí mítà, ẹ gbé àkàbà, ẹ fa fìlà ike yẹn wálẹ̀. Bí ẹ bá rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìṣó, ẹ má tan fáànù náà mọ́ títí oníná gidi fi máa dé. Bí àjà yín bá sì kúrú, ẹ rántí pé apá fáànù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju mítà 2.3 lọ. Ọmọ tó bá gun orí ibùsùn ń ga ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n ti fi irin líle gbẹ́ àmì kan fúnra wọn, ìlà mẹ́ta ní ìró. Wọ́n fi òòlù lù ú sára gàárì tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, wọ́n gbé e wá sí iwájú mi. Wọ́n ní ilà ni wọ́n kọ fún un, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní ìdálẹ̀ lè mọ ilé tó ti jáde. Méjìlá ni mo kà tó rọ̀ sórí okùn, gbogbo wọn ló kọlà.

Wọ́n wá bi mí pé, bí a bá dé ọ́fíìsì yẹn, kí ni àwọn ará Faransé máa pe nǹkan yìí. Mo ti wò ó nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Étrier ni wọ́n ń pe irin tó bá gbá igi mú báyìí. Ohun tí ẹni tó gun ẹṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn pè. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi gbé òòlù sílẹ̀.